Adìẹ àti Ẹyin Láìsí Ìrẹsì: Bí Ojú Mi Ṣe Bọ́ Lọ́wọ́ Àtọ̀gbẹ

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín ní ọsibítù pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì máa pín ẹrù yín fún àwọn ọmọ. Èmi náà rò pé ó ti parí fún mi. Ganíyù ni orúkọ mi, aránṣọ ni mí ní Ìsọlọ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn sì ni mí. Inú mi ń dùn gan-an bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí ojú ara mi ni mo fi ń wo ohun tí mò ń kọ, ìgbà kan sì wà tí ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún mi pé mo máa tún rí i ṣe. Ohun tó máa yà yín lẹ́nu ni pé oúnjẹ àwọn ará Japan, adìẹ àti ẹyin nínú abọ́ kan ṣoṣo, wà lára ohun tó yọ mí. Ẹ fara balẹ̀, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Òùngbẹ ló kọ́kọ́ dé. Mo rò pé ooru ni. Màá fa píọ̀ wọ́tà kan mu, màá fa òmíràn, ẹnu mi á ṣì gbẹ bí ẹni tó jẹ iyẹ̀fun. Lẹ́yìn náà ni ìtọ̀ dé. Ilé ìtọ̀ tí àwa oníṣọ́ọ̀bù ń lò wà ní ẹ̀yìn ilé onílé wa, mo sì ń lọ, mo ń bọ̀, títí ìyàwó onílé fi bi mí pé, "Bàbá Rùkáyá, ṣé ẹ fẹ́ gba yàrá síbẹ̀ ni?" Mo rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, a fi ṣeré. Àárẹ̀ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Èmi tí mò ń bá àwọn oníbàárà dín ṣòkòtò wọn kù, mo wá ń dín tèmi kù. Bí ẹnikẹ́ni bá ní mo ti rù, màá ní ààwẹ̀ ló fà á. Ààwẹ̀ sì ti parí tipẹ́.

Ojú ló wá tú mi fó. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù lọ ni iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá, èyí tí a ń fi òwú ya sára aṣọ. Alhájì kan láti Èjìgbò gbé aṣọ aláwọ̀ búlúù wá, ó ní kí n fi òwú búlúù ṣe é kí ó má baà pariwo. Mo ṣe é tọkàntọkàn. Ọjọ́ tó wá gbà á, ó gbé e sókè síbi oòrùn, ó wò ó, ó wò mí. "Bàbá Rùkáyá, ta ló ní kí ẹ gbin ewéko sí mi lọ́rùn?" Òwú aláwọ̀ ewé ni mo lò látòkè délẹ̀! Mo ní kó gbé e wá kí n wò ó dáadáa, mo sì sún mọ́ ọn títí imú mi fi fẹ́ kan aṣọ náà, síbẹ̀ búlúù ni mo rí. Alhájì ò ṣeré mọ́. Ó ní kí n má wulẹ̀ tú u, pé òun á wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí n lọ yẹ ojú mi wò kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí.

Bí mo ṣe kírun Àsùbáà tán ni mo lọ sí ọsibítù ìjọba. Mo rò pé èmi ni màá kọ́kọ́ dé, kàkà bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn ti tò láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ẹ gbé àga kékeré dání bí ẹ bá ń lọ, àti ohun tí ẹ ó fi panu. Nígbà tó kàn mí, wọ́n tan iná sí mi lójú, wọ́n sì ní kí n lọ gún ìka mi kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Mo ní ojú ló gbé mi wá, kí ló kan ìka níbẹ̀? Nígbà tí èsì dé, dókítà ojú, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ní kí n jókòó. Ó ní àtọ̀gbẹ ni, ó sì ti pẹ́ lára mi. Ó ní ohun kan bí ìkùukùu ti bo ẹyinjú mi méjèèjì, pé iṣẹ́ abẹ lè ṣí i.

"Ẹ bá mi ṣe é lọ́la," ni mo wí.

"Bàbá, mi ò lè fọwọ́ kan ojú yín pẹ̀lú irú ṣúgà tó wà lára yín yìí. Ọgbẹ́ ò ní jiná. Ẹ lọ mú un wálẹ̀. Ọjọ́ tó bá wálẹ̀ tó sì dúró, ọjọ́ yẹn la máa ṣe é."

"Tí ò bá wálẹ̀ ńkọ́?"

Ó ní kí n má jẹ́ kó pẹ́, pé bí ṣúgà bá ń bá ojú jà láti inú, ibi kan wà tó máa dé tí abẹ ò ní ran án mọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ojú lọba ara. Bí mo bá mú ṣúgà wálẹ̀, màá ríran. Bí mi ò bá mú un wálẹ̀, wọ́n á máa fà mí lọ́wọ́ lọ sí mọ́sáláásí. Mo jókòó sínú kẹ̀kẹ́ padà sílé, àwọn tá a jọ wà níbẹ̀ ń bá dẹ́rẹ́bà jiyàn lórí bọ́ọ̀lù, èmi ń ronú bí ojú ọmọ-ọmọ tí mi ò tíì ní ṣe máa rí.

Owó kì í ṣe kékeré. Oògùn ni, àyẹ̀wò ni, owó kẹ̀kẹ́ lọ bọ̀ ni. Mo ta ọ̀kan nínú máṣìnì mi méjèèjì, ìyàwó mi sì yọ owó lára ọjà rẹ̀, nítorí aṣọ ọmọdé ló ń tà ní Èjìgbò. Mo ń lo oògùn mi bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ohun tí mi ò mọ̀ ni oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ oúnjẹ: orí ìlà ní ọsibítù ni! Bàbá kan tó ní ọ̀pá lọ́wọ́, ẹni tó ti ń bọ̀ níbẹ̀ ṣáájú gbogbo wa, ló jẹ́ olùkọ́ wa. Ó ní, "Ẹ sá fún iyán, ẹ sá fún ẹ̀bà, ẹ sá fún ṣúgà inú tíì. Wíìtì ni oúnjẹ àtọ̀gbẹ. Wíìtì ò lè ṣe yín ní nǹkan kan." Gbogbo orí ìlà ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Inú mi dùn débi pé mo dúró ra wíìtì kí n tó délé. Ọmọ Ìsẹ́yìn tí wọ́n gba òkèlè lọ́wọ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá mi padà sílé nìyẹn. Ìyàwó mi rò ó lálaalẹ́, mo sì ń bá a jà bí ọkùnrin. Bí mo bá yó, màá tún ní kó fi díẹ̀ sí i, ṣebí oògùn ni. Mi ò fi ẹnu kan ṣúgà rárá. Nígbà tí mo padà lọ fún àyẹ̀wò, mò ń fò fẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ gba ẹ̀bùn.

Ṣúgà mi ti lọ sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nọ́ọ̀sì tó ń gún wa níka, ọmọbìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ dáa, wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ jẹ lánàá?"

"Wíìtì ni, ọmọ mi. Mo búra, mi ò fọwọ́ kan ṣúgà."

"Wíìtì dáa. Báwo ló ṣe tóbi tó?"

Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì sókè, mo fi hàn án. Nọ́ọ̀sì wo àárín ọwọ́ mi ọ̀tún àti òsì.

"Bàbá! Àbẹ́gì! Wíìtì kọ́ nìyẹn, ìrọ̀rí nìyẹn!"

Ẹ̀rín ya lulẹ̀. Ìyá kan rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi bọ́. Nígbà tí wọ́n rín in tẹ́rùn, nọ́ọ̀sì ní kí gbogbo wa fetí sílẹ̀. "Gbogbo ohun tí a ń gún, tí a ń rò, tí a ń tẹ̀, ṣúgà ló ń dà nínú ikùn. Ti wíìtì kàn ń rọra dà á ni. Bí ẹ bá jẹ òkìtì wíìtì, òkìtì ṣúgà lẹ jẹ." Ó di ìkúùkù rẹ̀, ó nà án sí mi lójú. "Bí òkèlè bá máa wà, kó má ju báyìí lọ. Ẹ fi ẹ̀fọ́ kún abọ́, ẹ fi ẹja, adìẹ tàbí ẹyin tì í." Bàbá tó ní ọ̀pá lọ́wọ́, olùkọ́ wa, bo ẹnu rẹ̀. "Háà," ló wí, "èmi tí mò ń jẹ ẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́!"

Mo padà sílé pẹ̀lú ìkúùkù. Ẹ wo ìkúùkù yín ná. Ṣé ìyẹn lè yó ọkùnrin? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, mo sì ń kanra mọ́ gbogbo èèyàn nínú ilé. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Sìkírá, dé láti Ìsẹ́yìn. Àǹtí Sìkírá ló tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá wa kú, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un pé mo ti di àgbà. Kò tíì jókòó tó ti bẹ̀rẹ̀.

"Ganíyù, wọ́n ní wọ́n fẹ́ fi abẹ kan ojú ẹ? Lójú mi kọ́! Gbà." Ó fa ike àgbo ńlá kan yọ láti inú báàgì. "Da àwọn oògùn òyìnbó yẹn nù. Máa mu èyí láàárọ̀, kọ́ọ̀bù kan. Àtọ̀gbẹ á gbọ́ orúkọ ẹ̀, á sá."

Mo fi ẹnu kàn án díẹ̀. Ó dùn! Mo wo ìyàwó mi, ìyàwó mi wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fi rẹ ẹ́?"

"Mínírà ni, aláwọ̀ ọsàn. Ṣebí mo mọ̀ ẹ́ láti kékeré, o ò fẹ́ràn ohun kíkorò."

Ẹ gbà mí! Oògùn ṣúgà tí wọ́n rẹ sínú ẹlẹ́rìndòdò! Ìyàwó mi yára wọ inú yàrá kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Mi ò bú àgbo o, àgbo ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Ṣùgbọ́n mi ò lè da oògùn tí dókítà kọ nù nítorí rẹ̀. A kì í sì sọ fún irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ pé rárá. "Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n mi" la máa ń sọ. Mo sọ ọ́, mo gbé ike náà sí abẹ́ tábìlì, mo sì ń lo oògùn mi lọ. Àǹtí Sìkírá padà sí Ìsẹ́yìn, ó ní òun ń bọ̀ wá ṣe Ìléyá lọ́dọ̀ wa kí òun lè wo bí ara mi ṣe rí.

Rùkáyá, ọmọ wa, ló tú okùn ebi yìí lọ́rùn mi. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná ilé àlejò kan ní Apákun, lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, níbi tí àwọn tó wá láti òkè òkun ń dé sí. Ó wá sílé ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan, ó bá mi níbi tí mò ń bá ẹ̀fọ́ lásán jà.

"Bàbá, àlejò kan wà lọ́dọ̀ wa, ará Japan. Irú àìsàn yín gan-an ló ń ṣe é."

"Àtọ̀gbẹ? Ní Japan? Àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn?"

"Àní kẹ̀! Oúnjẹ ilé wọn kan wà, òyakodón ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á se adìẹ, wọ́n á da ẹyin lé e, wọ́n á wá dà á sórí ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ọ̀gá yìí ní kí n má fi ìrẹsì sí tòun rárá, kí n gé kábéèjì wẹ́wẹ́ sí abẹ́ ẹ̀. Bàbá, ó ń jẹ ẹ́, ó ń yó!"

"Kí ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn?"

"Ó ní òbí àti ọmọ ni. Adìẹ ni òbí, ẹyin ni ọmọ."

Ìyàwó mi pàtẹ́wọ́. "Wọ́n wá se ìyá tọmọ pọ̀ sínú ìkòkò kan? Àwọn yẹn mà dájú o!"

Rùkáyá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ó wọ ilé ìdáná. Mo jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, mi ò ríran dáadáa, ṣùgbọ́n imú mi ò ṣàìsàn. Mo ní kó máa sọ ohun tó ń ṣe fún mi sókè ketekete. Ó gé kábéèjì wẹ́wẹ́ títí ó fi dà bí hóró ìrẹsì, ó yí i nínú páànù gbígbẹ pẹ̀lú òróró ṣíbí kan, kò fi omi sí i, kó má baà rọ̀ jù. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó gé ẹran itan adìẹ tí kò ní egungun sí kéékèèké. Àwọn ará Japan máa ń fi omi ẹja gbígbẹ sè é, àwa náà sì ní ẹja gbígbẹ! Ó bọ ẹja kan, ó sẹ́ omi rẹ̀, ó da omi náà sínú páànù pẹ̀lú àlùbọ́sà tó gé ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti atalẹ̀. Wọ́n máa ń fi ṣúgà àti ọtí dídùn sí i níbẹ̀. Ó fo ìyẹn. Lẹ́yìn náà ló ro ohun dúdú kan sí i láti inú ìgò kékeré.

"Kí nìyẹn?"

"Sọ́ọ̀sì sóyà ni, Bàbá. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n pò, tí wọ́n jẹ́ kó kan. Ó níyọ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi sí púpọ̀."

Ó gbé e sí mi nímú. Irú ni! Mo búra, irú olómi ni! Èmi tí mo ti ń bẹ̀rù oúnjẹ àjèjì, ara mi balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó wà ní ìkangun ayé yẹn náà mọ̀ pé ẹ̀wà tó bá kan ló ń dùn lọ́bẹ̀.

Nígbà tí adìẹ jiná, ó po ẹyin díẹ̀, kò pò ó púpọ̀, ó dà á yí páànù náà ká, ó sì fi ọmọrí dé e. Kò pẹ́ tó fi ṣí i, tó fẹ́ máa bù ú.

"Rùkáyá, ẹyin yìí ò tíì jiná."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ o, Bàbá. Ó gbọ́dọ̀ ṣì máa ṣàn díẹ̀."

"Kí àwọn máa jẹ ẹ́ lọ. Ní Ìsọlọ̀ níbí, ẹyin á jiná."

Ó dá a padà, ó jiná. Ìyàwó mi ní ata dà? Wọ́n já ata rodo kan sí i, wọ́n gé àlùbọ́sà eléwé lé e lórí. Wọ́n bu kábéèjì sísàlẹ̀ abọ́, wọ́n da adìẹ àti ẹyin lé e pẹ̀lú omi rẹ̀. Mo fi ṣíbí bù ú sẹ́nu.

Kí ni kí n sọ? Ó dùn débi pé mo dìde dúró. Ó móoru, ó ta díẹ̀, omi ẹja yẹn wọ inú kábéèjì lọ, mò ń jẹ nǹkan tó pọ̀, tó kún abọ́, mo sì ń yó! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ ìkúùkù, n kò tíì yó rí. Mo ní kí Rùkáyá tún un sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì ní láti ọjọ́ yẹn lọ, èmi fúnra mi ni màá máa sè é. Ẹ wo èmi, tí mi ò bọ ẹyin rí láyé mi! Mo gbé sítóòfù gáàsì kékeré lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo jó kábéèjì méjì bàjẹ́, mo gé ọwọ́ ara mi lẹ́ẹ̀kan, ẹyin mi àkọ́kọ́ le bí awọ bàtà. Kò pẹ́ tí òórùn rẹ̀ fi ń mú àwọn tó ń kọjá yà wá kí mi. Nígbà tí owó adìẹ bá ṣòro, màá fi ẹja tútù ṣe é. Mo máa ń jẹ ìkúùkù òkèlè mi náà ní ọ̀sán, mo sì máa ń rìn láti ṣọ́ọ̀bù dé ìdí ọkọ̀ kí n tó wọ kẹ̀kẹ́.

Ṣúgà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni, ó ń rìn bí ìgbín. Nọ́ọ̀sì á wo ẹ̀rọ, á wò mí, á ní, "Bàbá Ìrọ̀rí, ẹ ti ń gbọ́rọ̀ o." Dókítà ojú wá dá ọjọ́ fún mi: bí àyẹ̀wò tó kàn bá dáa, wọ́n á fi orúkọ mi sí iṣẹ́ abẹ. Mo bi í pé ọjọ́ wo. Ọjọ́ tó dá bọ́ sí ìgbà tí ẹran Ìléyá ò ní tíì tán nílé ẹnikẹ́ni.

Ẹ mọ bí Ìléyá ṣe rí ládùúgbò wa. Abọ́ ìrẹsì ò ní yéé wọlé: ti àwọn tó wà lókè, ti onílé, ti àwọn Kìrìsìtẹ́nì ẹ̀gbẹ́ wa tí àwa náà á fún lẹ́ran. Àǹtí Sìkírá sì ti dé bí ó ṣe ṣèlérí. Ó bá mi nídìí páànù mi, ó di ọwọ́ mọ́ ìbàdí.

"Kí lò ń sè níbẹ̀ yẹn, ní ọjọ́ Ìléyá?"

"Oúnjẹ mi ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Adìẹ àti ẹyin."

"Nínú ilé tí àgbò wà? Ìléyá láìjẹ ìrẹsì? Kí àwọn èèyàn lè sọ pé àbúrò Sìkírá ò rí ìrẹsì jẹ?" Ó bu ìrẹsì kún àwo, ó fi ẹran lé e, ó gbé e lé mi lórí itan. "Jẹ ẹ́. Ọjọ́ kan ò lè pààyàn."

Rùkáyá ń wo ilẹ̀. Òórùn ìrẹsì náà ń kọlù mí nímú, ẹ̀rù ìrẹsì náà ń bà mí, ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n mi náà sì ń bà mí. "Mo ti gbọ́" ò lè gbà mí lọ́jọ́ yẹn. Mo gbé àwo náà sílẹ̀ rọra, mo dọ̀bálẹ̀ fún un gbalaja níwájú gbogbo àlejò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ tọ́ mi. Kò sí ọjọ́ tí ẹ bu oúnjẹ fún mi tí mo kọ̀ ọ́. Lónìí, ojú mi ni mo fẹ́. Bí mo bá jẹ èyí, wọ́n á tún dá mi padà lọ́sibítù, mi ò sì mọ iye ìgbà tí ojú yìí lè dúró dè mí. Ẹ bá mi fà á sẹ́yìn. Mo fẹ́ máa rí yín nígbà tí ẹ bá wá."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ṣíbí mi, ó bu nínú abọ́ mi, ó sì jẹ ẹ́. Ó rọra ń jẹ ẹ́.

"Irú ni wọ́n fi sí i?"

"Ohun tó jọ irú ni."

Ó tún bù ú. Ó tún bù ú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyàwó mi ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣẹ́ kù fún un o." Ilé bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí Sìkírá gbé àwo ìrẹsì náà, ó ní òun á bá mi jẹ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì tún bu ìrẹsì fún àbúrò òun.

Àyẹ̀wò yẹn dáa! Nígbà tí nọ́ọ̀sì ka iye tó wà níbẹ̀, mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Mo jó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, èmi àgbàlagbà, orí ìlà ń pàtẹ́wọ́ fún mi, bàbá tó ní ọ̀pá lọ́wọ́ sì ń bi mí pé kí ni orúkọ oúnjẹ náà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún mi. Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí, mo ń ka Kúrù-án lábẹ́nú, ṣùgbọ́n kò dùn mí, kò sì pẹ́. Wọ́n fi aṣọ dí ojú náà, wọ́n ní kí n padà wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Dókítà fúnra rẹ̀ ló ṣí i. Ìmọ́lẹ̀ wọlé. Mo rí òdòdó kéékèèké lára gèlè rẹ̀, mo rí ìlà lára ògiri, mo sì rí obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, tó di báàgì mi mú. Ìgbà tó sọ̀rọ̀ ni mo tó mọ̀ ọ́n.

"Bàbá Rùkáyá, ṣé ẹ ń rí mi?"

Ayọ̀ mi dúró. "Ìyá Rùkáyá! Kí ló ṣe ọ́? O ti rù! Ṣé ara ẹ ò yá ni, tí o ò sọ fún mi?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àìsàn kẹ̀? Oúnjẹ yín ni mò ń jẹ."

"Oúnjẹ mi báwo? Ṣebí ẹ̀bà lò ń jẹ lálaalẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ mi?"

"Ẹ̀yin lẹ rò bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ti pe wíìtì yín ní ìrọ̀rí, mi ò gún, mi ò rò, mi ò tẹ nǹkan kan lálẹ́ nínú ilé yẹn, àfi ìkúùkù ọ̀sán yín. Mo ní bí òórùn ẹ̀ bá ń kàn yín nímú, ẹ ò ní lè fara dà á. Ẹ kàn ò rí àwo mi ni."

Omijé bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú mi. Dókítà pariwo, "Bàbá, ẹ má sunkún o, ojú yẹn ṣì tuntun!" Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, wọ́n ń fi òwú nù mí lójú.

Ní báyìí, ojú ọ̀tún mi ń ríran kedere, wọ́n á ṣe ti òsì láìpẹ́. Àtọ̀gbẹ náà ò tíì lọ, mò ń lo oògùn mi lójoojúmọ́, mo sì ń yẹ ara mi wò. Ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó dín oúnjẹ yín kù, nítorí oògùn àti ebi lè jọ gbé èèyàn ṣubú. Ẹ má tìtorí ẹ̀sín ẹnikẹ́ni fi ìtọ́jú ojú yín falẹ̀. Mo ti padà sídìí iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá, àwọ̀ tí ẹ bá sọ ni ẹ máa bá níbẹ̀. Lálẹ́, èmi ni mò ń se adìẹ àti ẹyin, Ìyá Rùkáyá ń gé kábéèjì, a sì ń jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan. Bí ẹ̀yin náà bá ń bá àìsàn yìí jà, tó ń ṣe yín bíi pé kò sí ẹni tó mọ ebi tó ń pa yín, ẹ bá mi wo àwo ẹni tó jókòó tì yín.